Ìgbìyànjú: Ọ̀rọ̀ tí Mo Fi Ọdún Mẹ́tàlá Ṣàlàyé Lódì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹni tí ó bá rò pé òwe lásán ni èyí, kí ó lọ sí Ọjà Igbó ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ní òwúrọ̀, kí ó dúró ti àwọn alábàárù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ra àpò èlùbọ́ kan níbẹ̀ ní ọdún tó kọjá, mo sì pe obìnrin alábàárù kan pé kí ó bá mi gbé e dé ibi tí ọkọ̀ wà. Ó fi aṣọ ká òṣùká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi àti ìyá tí ó ta èlùbọ́ fún mi di àpò náà mú ní ọ̀tún àti ní òsì, a gbé e lé e lórí. Bí ó ti fẹ́ dìde ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ pariwo mọ́ ọn pé: "Gbìyànjú! Gbìyànjú, ọmọ mi!" Ó nàró, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Mo tẹ̀lé e lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí lára èlùbọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìyá yẹn pè lẹ́ẹ̀mejì ni ó gbà mí lọ́kàn, nítorí pé èmi àti ọ̀rọ̀ náà ní ẹjọ́ láti rò. Ẹjọ́ náà ni mo fẹ́ rò níhìn-ín fún ẹ̀yin òǹkàwé, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ní ọdún 1983, nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, olùkọ́ wa wọ kíláàsì ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kọ "ìgbìyànjú" gàdàgbà sí ojú pátákó. Ó bi wá ní ohun tí ó túmọ̀ sí. A ní akitiyan ni. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Gbogbo wa dákẹ́. Ó wá là á sí mẹ́ta: gbé, ìyàn, jù. Ó ní ẹni tí ó ń gbìyànjú ni ẹni tí ó gbé ìyàn jù sígbó, tí ó fi iṣẹ́ lé ebi jáde nínú ilé rẹ̀. Kò tán síbẹ̀, ó fi ìtàn gbè é lẹ́yìn. Ó sọ bí ogun Ìjàyè ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1860, bí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣe dó ti ìlú Kúrunmí, bí ebi ṣe wọ inú ìlú náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí kan ń ta ọmọ kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò jẹ, títí ìlú fi tú ní 1862. Ó ní àwọn tí ó la irú ìyàn bẹ́ẹ̀ já ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ìtàn ogun náà kì í ṣe irọ́. Ìjàyè tú lóòótọ́, ebi sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó tú u. Bóyá ìdí nìyẹn tí àlàyé náà fi wọ̀ mí lára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní 1996, òun ni mo kọ́kọ́ fà yọ fún àwọn ọmọ mi. Mo fi í sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi, mo sì ń tún un lò ní ọdọọdún. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn bí kíláàsì ṣe máa ń parọ́rọ́ nígbà tí mo bá dé ibi tí ebi ti wọ Ìjàyè.

Ní ọdún 2009, ọmọbìnrin kan ní SS2 na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí gbé àti ìyàwó bá pàdé, ìgbéyàwó ni a ń pè é. Kí ló dé tí gbé àti ìyàn pàdé tí kò di ìgbéyàn, tí ó di ìgbìyàn?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ní kí ó jókòó, pé àwọn ọ̀rọ̀ kan a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa, mo sì mọ̀ nígbà tí mo ń pa á, nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo kọ́ wọn ní ìpajẹ fáwẹ̀lì, èmi gan-an ni mo sì sọ fún wọn pé ohùn òkè ọ̀rọ̀-ìṣe kì í ṣàdédé pòórá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọmọ yẹn rí. "Gbé" ní ohùn òkè. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn òkè bá pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ tí ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí fáwẹ̀lì kan sì jẹ́ èkejì, ohùn òkè náà ni yóò gbẹ́yìn lórí fáwẹ̀lì tí ó kù. Gbé àti ìyàwó fún wa ní gbéyàwó. Rí àti ọ̀bẹ fún wa ní rọ́bẹ. Nínú èyí àkọ́kọ́, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó dúró. Nínú èyí kejì, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, ohùn òkè kò lọ síbì kankan. Nítorí náà, ì báà jẹ́ gbéyàn tàbí gbíyàn ni gbé àti ìyàn dà, kò lè di gbìyàn. Àléébù kejì wà ní ìparí ọ̀rọ̀ náà. "Jù" tí a fi ń ju òkúta ní ohùn ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni "jú" tí ó wà nínú ìgbìyànjú ní ohùn òkè. Ta ni ó gbé e gòkè? Kò sí ẹni tí ó gbé e. Àlàyé olùkọ́ mi já ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì já ní òpin. Àárín nìkan ni ó kù fún un, àárín kò sì lè dá dúró.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀? Kò jìnnà rárá; ẹnu wa ni ó wà lójoojúmọ́. Gbà àti ìyànjú ni. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí gbà bí: gbà àti ẹ̀san di gbẹ̀san, gbà àti ẹ̀mí di gbẹ̀mí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ìjàǹbá ọkọ̀ gbẹ̀mí ènìyàn. Fáwẹ̀lì gbà jẹ, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-orúkọ dúró pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni gbà àti ìyànjú ṣe di gbìyànjú. A fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- sí i, ó di ìgbìyànjú, gẹ́gẹ́ bí ìgbẹ̀san. Kò sí ohùn kan tí ó sọnù lọ́nà tí òfin kò mọ̀, kò sì sí fáwẹ̀lì kan tí a ní láti fi ipá gbé. Mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò bi mí pé, ṣé "gba" kọ́ ni a ń sọ nínú "ó gba owó"? Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa gòkè sí ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹ fi arọ́pò-orúkọ sí i, ẹ óò rí i pé "ó gbà á" ni a ń wí.

Kí ni ìyànjú fúnra rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí ń ki ọkàn ẹni láyà ni, tí ń rọ ènìyàn pé kí ó má ṣe dúró síbi tí ó wà. Nígbà tí òkú bá kú tí a sì lọ kí ọmọ olóòkú, ọ̀rọ̀ ìyànjú ni a ń sọ fún un. Bàbá tí ó pe ọmọ rẹ̀ sí yàrá ní alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ń gba ọmọ náà níyànjú ni. Ẹ̀yin ẹ kíyè sí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí dáadáa, nítorí pé inú rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. "Gbà á níyànjú" ni a pín sí gbà, á, ní, ìyànjú. Gbà àti ìyànjú kan náà ni! Kò yàtọ̀ sí "gbà á nímọ̀ràn". Bí mo bá gbà ọ́ nímọ̀ràn, èmi ni mo fún ọ ní ìmọ̀ràn. Bí ìwọ bá gba ìmọ̀ràn, ìwọ ni ó wọlé sí lára. Bẹ́ẹ̀ náà, bí mo bá gbà ọ́ níyànjú, èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú fún ọ. Bí ìwọ bá gbìyànjú, ìwọ ni o gba ìyànjú náà, o sì dìde. Ìgbaniníyànjú wà lápá kan, ìgbìyànjú wà lápá kejì, bí ọwọ́ tí ń fúnni àti ọwọ́ tí ń gbà.

Mo jókòó pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò jù lọ fún ṣíṣe ohun tó le kò ní agbára nínú. Kò ní ipá nínú. Bí agbára ni ẹ ń wá, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ìsapá: sa àti ipá ni, ó sì ń sọ ohun tí ó ń sọ láìfi bò. Ìgbìyànjú kò sọ pé ènìyàn lágbára. Ohun tí ó sọ ni pé ẹnìkan sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn sì gbà. Àìmọye ọdún ni ìlò ti sọ ọ̀rọ̀ náà di gbòòrò, a sì lè wí lónìí pé "mo gbìyànjú láti ṣí ìlẹ̀kùn" láìsí ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ó rọni. Mi ò sọ pé ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Orírun ọ̀rọ̀ àti ìlò ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, olùkọ́ tí ó bá dà wọ́n pọ̀ yóò máa bá akẹ́kọ̀ọ́ jà lásán.

Àwọn kan yóò fẹ́ tẹ̀ síwájú, kí wọ́n tún la ìyànjú sí yàn àti ojú, tàbí kí wọ́n so ó mọ́ "yanjú" tí a ń lò fún ọ̀rọ̀ tí ó níyanjú. Ẹ dúró ná. Yan inú yanjú ní ohùn àárín. Yàn inú ìyànjú ní ohùn ìsàlẹ̀. Àfòmọ́ ì- kì í sì í yí ohùn ọ̀rọ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ padà. Mo ti jìn sí kòtò kan rí, n kò ní fi ẹsẹ̀ ara mi wọ òmíràn. Orí ìyànjú ni èmi dúró sí.

Ìtàn àwọn tí ó kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ wa jọ sínú ìwé bọ̀ sí agbègbè wa yìí gan-an. Ọ̀ṣoogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n bí Àjàyí Crowther sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1843, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London, ó sì tún gbòòrò ẹ̀dà rẹ̀ ní 1852. T. J. Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ ni Smithsonian Institution tẹ̀ jáde ní 1858. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ìṣòro kan tí ẹni tí ó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ kò lè sá fún. Ìwé àwọn Àpọ́sítélì kún fún ibi tí wọ́n ti ń rọ ìjọ, tí wọ́n ń ṣí wọn lórí pé kí wọ́n dúró ṣinṣin. Kí ni a óò pe iṣẹ́ yẹn ní Yorùbá? Gbígbani níyànjú ni Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò. Wọn kò dá a sílẹ̀. Ẹnu àwọn ènìyàn ni wọ́n ti bá a. Bí ẹ bá ní Bíbélì àtijọ́ nílé, tí ẹ sì ṣí ìwé Pọ́ọ̀lù, ẹ óò bá ìyànjú pàdé kí ẹ tó lọ jìnnà.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé àtijọ́ wọ̀nyẹn fi ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, àmì kan lórí fáwẹ̀lì ni wọ́n fi ń dúró fún fáwẹ̀lì méjì. "Ãpọn" ni wọ́n ń kọ fún aápọn, "ãyan" fún aáyan. Ẹni tí kò mọ ohùn rẹ̀ yóò ka aáyan, tí í ṣe akitiyan, bí aáyán, kòkòrò inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ ọ rí nínú kíláàsì, lẹ́nu ẹni tí ó ń ka ìwé sókè níwájú àwọn àlejò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìwé sílẹ̀, kí a padà sí oko, nítorí pé oko ni ọ̀rọ̀ ìyànjú ti ń rí iṣẹ́ ṣe kí ìwé tó dé. Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà méjì pàtàkì tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Nínú àáró, àwọn ọ̀dọ́ tí agbára wọn bá dọ́gba yóò kó ara wọn jọ. Wọn a ṣe oko tèmi lónìí, wọn a ṣe tìrẹ lọ́la, títí yóò fi kárí. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá wọ̀ lọ́rùn ni ó ń bẹ àwọn ará àti ọ̀rẹ́, bí ìgbà tí ó fẹ́ mọ ilé tàbí tí ó fẹ́ roko fún àna rẹ̀. Òun ni yóò sì wá oúnjẹ àti ohun mímu. Ẹni tí ó bá ti kọ ebè rí mọ̀ pé ebè ogún àkọ́kọ́ kì í ṣe ìṣòro. Nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí, tí ọwọ́ ń ta, tí ẹ̀yìn ń ro, tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn lórí ilà tirẹ̀, ìgbà náà ni àwọn tó kù ń fi orin àti àwàdà pè é. Wọn a pe oríkì rẹ̀. Wọn a fi ọkọ́ ẹni tí ó wà níwájú ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Ẹni tí ó ti fẹ́ jókòó yóò tún tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí agbára tuntun tí ó wọ inú apá rẹ̀ ní àkókò yẹn. Ìyànjú ni ó gbà.

Èmi fúnra mi kò ní ju ọmọ ọdún kan lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí ń ṣòwò ní àríwá Ghana, J. S. Eades kọ odidi ìwé kan nípa wọn, ó jáde ní 1993. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn ni ìyá mi fi pọ̀n mí wálé láti Tamale. Ohun tí wọ́n gbé dé, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń kà á fún wa, ni ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ìkòkò méjì, àti aṣọ tí wọ́n wọ̀. Ilé ìtajà bàbá mi pẹ̀lú gbogbo ọjà inú rẹ̀ dúró sí Tamale. Ìyá mi ní fún bí oṣù mẹ́ta, bàbá mi kì í jáde. Ó kàn ń jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà agboolé a máa wá bá a jókòó. Àwọn náà kò ní owó tí wọn yóò fún un, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ghana dé bákan náà. Gbólóhùn tí ìyá mi fi ń parí ìtàn náà ni pé, "Wọ́n ń gbà á níyànjú títí, ó wá gbà." Ó di ẹ̀yìn ọjọ́ tí mo ti ń fi ẹfun kọ gbé, ìyàn àti jù sójú pátákó kí n tó mọ̀ pé ìyá mi, tí kò jókòó sí kíláàsì kankan, ti sọ orírun ọ̀rọ̀ náà fún mi láti kékeré.

Ìlò kan ṣì wà tí ó tì mí lẹ́yìn. Bí ọ̀rẹ́ yín bá kọ́lé, tí ó pè yín wá wò ó, kí ni ẹ óò sọ? "Ẹ gbìyànjú o!" Bí ìyàwó bá se àsè fún igba ènìyàn, ìyá ọkọ yóò ní, "O gbìyànjú, ọmọ mi." Oríyìn ni, oríyìn ńlá sì ni. A ti kó o wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ ní Nàìjíríà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ wa tí ó dé London tí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ lè rí i pé ojú ọ̀gá náà yí padà. Létí Gẹ̀ẹ́sì tiwọn, bí a bá ní ẹnìkan gbìyànjú, a ń sọ pé nǹkan náà kò bọ́ sí i ni. Tiwa kò béèrè bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ó ń jẹ́rìí pé ìwọ tí a rọ̀, o dáhùn. (Mo mọ̀ pé àwa olùkọ́ ti ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé èsì ìdánwò. Ọmọ gba 42, a kọ "ó gbìyànjú" sí i, òbí náà sì mọ ohun tí a ń sọ.)

Kí ẹ má baà rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ làálàá ló ti inú ilé wá, ẹ wo wàhálà. A ń kí ara wa pé "ẹ kú wàhálà" bí ìgbà tí Odùduwà fi sílẹ̀ fún wa. Àlejò ni. Ó ti èdè Lárúbáwá wá, níbi tí orírun rẹ̀ ti jẹ mọ́ ìdágìrì àti ìbẹ̀rù. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Hausa kọjá, ó di ìnira àti ìyọnu níbẹ̀, ó wá bá àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà Ìlọrin bíi Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè ṣàì gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àdúrà gbà dé, nígbà tí ó sì dé, gbà tiwa yìí náà ni ó fi ọwọ́ mú un, a sì ní gbàdúrà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má ṣe fi tipátipá la gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹni ń la obì. Wàhálà kò ní awẹ́ ní Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni akitiyan: mo ti gbọ́ ẹni tí ó ní òkìtì àti iyán ni, pé ẹni tí ó bá kọ ebè bí òkìtì ni yóò gún iyán. Àlàyé náà mú ebi pa mí, ṣùgbọ́n ohùn òkìtì wà ní ìsàlẹ̀ látòkèdélẹ̀, ohùn iyán parí sókè, akitiyan sì wà ní ohùn àárín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ti ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láti 2009. Mo pe ọmọbìnrin yẹn jáde ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sì jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn pé òun ni ó jàre. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí mo ra èlùbọ́ ní Ọjà Igbó, mo lọ síbi ìgbéyàwó kan ní ìlú Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń darí ètò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kí ọkọ ìyàwó gbìyànjú nínú ilé rẹ̀, nítorí pé gbígbé ìyàn jù ni ìgbìyànjú. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ìjàyè. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa: ọmọ mi ni, ó jáde lọ́dọ̀ mi ní 2003.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó wá dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ fún un. Ó ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun náà ti di olùkọ́ Yorùbá, ó sì ṣí fóònù rẹ̀, ó fi ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn mí. Gbé, ìyàn, jù wà níbẹ̀, pẹ̀lú 1860 àti 1862, bí mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn gẹ́lẹ́. A jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, mo mú un láti orí gbéyàwó dé orí gbẹ̀san, mo sì fi gbà á nímọ̀ràn àti gbà á níyànjú lé e. Ó gbà. Ó ní òun yóò tún un ṣe ní ọjọ́ Ajé.

Ó pè mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní òun ti sọ fún àwọn ọmọ náà, wọ́n sì gbọ́ ọ yé, ṣùgbọ́n ìtàn ìyàn ni wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n ní kí òun tún un sọ. Ó ní ọ̀kan nínú wọn wá dìde, ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé irọ́ náà ni pé ìyà Ìwó ni ó di ìyàwó? Ó bi mí pé kí ni òun yóò dá a lóhùn. Mo ní kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi àmì ohùn sórí méjèèjì. Ó ní àwọn ti fi sí i, sà, àmì náà bára mu. Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀.